Orí Kẹta: Ínhélà fún Ọ̀dọ́langba Tó Ní Ásímà ní Erékùṣù Èkó

Àwọn òbí, ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́ tí ọmọ ọdún 12 sí 19 wà lábẹ́ wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Òkè Pópó, Láfíàjì, Ọbalẹ́ńdé àti àyíká wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú orí yìí, bí ọmọ náà bá ní ásímà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ fée. Mo ń bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ti pé ọdún 12 ti dàgbà tó láti mọ oògùn ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ráyè ka orí yìí tán, ẹ mú èyí dání: ọmọ tó jẹ́ pé ínhélà búlúù nìkan ló ń fà kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ásímà.

Ọmọ wo ló ní in?

Lọ́dún 2024, àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ACACIA jáde. Jonathan Grigg ti Queen Mary University of London ló ṣáájú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ìlú mẹ́fà ní Áfíríkà sì bá a ṣe é: Èkó, Kumasi, Kampala, Harare, Blantyre àti Durban. Ilé ìwé ni wọ́n wọ̀ lọ, kì í ṣe ọsibítù, àwọn ọmọ ọdún 12 sí 14 ni wọ́n sì bi ní ìbéèrè. Nínú ọmọ tó lé ní 27,000, ìdá 12 nínú 100 ló ní àmì ásímà. Nínú àwọn tó ní àmì yìí, ìdá 20 nínú 100 péré ni dókítà ti sọ fún rí pé ásímà ni. Ìyẹn ni pé bí àyà bá ń fún ọmọ mẹ́wàá ní ilé ìwé kan, mẹ́jọ nínú wọn ni kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún. Ní Nàìjíríà lápapọ̀, ìwádìí tí Obianuju Ozoh ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2019 fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 èèyàn ló ní ásímà.

Kì í ṣe pé ilé àwọn mẹ́jọ yẹn káwọ́ gbera. Wọ́n ti ra oògùn ikọ́ lóríṣiríṣi, wọ́n ti lo oògùn ibà léraléra, wọ́n ti fi Rọ́bù ra àyà ọmọ títí gbogbo yàrá fi ń ta sánsán, wọ́n sì ti gbààwẹ̀ lé e. Àmì tó yẹ kó ta yín lólobó nìyí: ikọ́ tó ń jí ọmọ lóru tàbí lídàájí, àyà tó ń ké fíì-fíì nígbà tó bá ń mí síta, ọmọ tó ń fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àmọ́ tó máa ń jáde jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí ìdajì eré tó tó, ọ̀fìnkìn kékeré tó ń di ikọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àmì wọ̀nyí bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí ara ọmọ sì ń yá dáadáa láàárín kan, ẹ má ra oògùn ikọ́ mìíràn mọ́. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù.

Ọ̀nà kò jìn. Ọsibítù Ìjọba tí gbogbo ará Èkó mọ̀ sí Ọ̀dàn ti wà ní Erékùṣù láti ọdún 1893. Ọsibítù ńlá méjì, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, wà fún ásímà tó bá lágídí. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tí ọmọ máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí kí wọ́n lè wọn agbára èémí rẹ̀. Ọmọ á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fún un ní oògùn, á tún un fẹ́. Bí ti ẹ̀ẹ̀kejì bá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ásímà ti fara hàn nìyẹn.

Iṣẹ́ tí ínhélà kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Inú ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tó ní ásímà máa ń wú, ó ń pọ́n, ó sì ń ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ le koko. Tí eruku, èéfín tàbí ọ̀fìnkìn bá wá kàn án, iṣan tó yí ọ̀nà náà ká á fún pọ̀, àyè á há, èémí á di ìjà. Fífún iṣan yẹn ni gbogbo ilé ń rí tí wọ́n fi ń pariwo. Wíwú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń rí.

Salbutamol, ìyẹn ínhélà búlúù tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ventolin, iṣan ló ń dẹ̀. Kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ipá rẹ̀ á sì wà fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Kì í fọwọ́ kan wíwú náà rárá. Ọmọ tó gbé ara lé e nìkan dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò: ilẹ̀ á gbẹ díẹ̀, òjò á tún rọ̀, pákó òkè á sì máa jẹrà lọ. Oògùn tó ń wo wíwú ni sítẹ́rọ́ìdì tí à ń fà sínú, irú bíi beclometasone, budesonide àti fluticasone. Èyí kì í tuni lára lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ọmọ tó mọ ìyàtọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń sọ pé kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó wù mí kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé ọ̀dọ́ bíi tiwọn ló jẹ́ kí ínhélà tó wà lọ́wọ́ wọn wáyé. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, Susie Maison, ọmọ ọdún 13 kan tó ní ásímà ní Amẹ́ríkà, bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kò lè fi oògùn òun sínú agolo tó ń fọ́n bíi ti oògùn irun. Ohun èlò onígíláàsì tó rọrùn láti fọ́ ni wọ́n ń lò nígbà náà. Bàbá náà, George Maison, ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ apoògùn Riker, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́dún 1956, ínhélà alágolo àkọ́kọ́ dé orí àtẹ. Salbutamol tẹ̀lé e lọ́dún 1969, beclometasone dé lọ́dún 1972. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí oògùn tó ń wo wíwú ti wà láyé, àmọ́ ti búlúù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì mọ̀.

Ìlú Ọba tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, tí ìjọba ti ń bá èèyàn san owó oògùn, kò bọ́ nínú àṣìṣe yìí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí ikú ásímà, tó jáde lọ́dún 2014, yẹ ikú èèyàn 195 wò. Méjìdínlógún nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 10 sí 19. Nínú 165 tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ iye ínhélà ìtura tí dókítà kọ fún wọn, 65 ló ti gbà ju 12 lọ láàárín ọdún kan ṣáájú ikú wọn. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Oògùn kò wọ́n wọn, wọ́n ń rí ti búlúù gbà lóṣooṣù, àìsàn sì ń jẹ wọ́n lọ lábẹ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ń lo agolo búlúù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ti wà nínú ewu ìkọlù líle. Bó bá ń lo agolo kan lóṣù, ewu ikú wà níbẹ̀.

Nítorí irú èyí ni GINA, àjọ àgbáyé tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ásímà, fi kéde lọ́dún 2019 pé kí ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 12 má ṣe lo ínhélà búlúù nìkan mọ́. Èyí tí wọ́n fi sípò kìíní báyìí ni ínhélà kan tí budesonide àti formoterol jọ wà nínú rẹ̀. Formoterol ń dẹ iṣan kíá bíi ti salbutamol, budesonide sì ń wo wíwú, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fà á kí àyà rẹ̀ lè dẹ̀, ó ti gba ìtọ́jú pẹ̀lú. Ìwádìí SYGMA 1 tó jáde lọ́dún 2018 gba àwọn ọmọ ọdún 12 sókè tí ásímà wọn kò le. Ìkọlù líle láàárín àwọn tó ń fa oògùn aláwẹ́ méjì yìí nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀ fi ìdá 64 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń fa oògùn ìtura nìkan.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un: budesonide pẹ̀lú formoterol. Ọmọ tí ásímà rẹ̀ fúyẹ́ lè máa fà á nígbà tó bá nílò rẹ̀ nìkan. Èyí tí tiẹ̀ le á máa fà á láàárọ̀ àti lálẹ́, á sì tún fà á bí àyà bá fún un. Dókítà ni yóò sọ iye rẹ̀. Àmọ́ fún irú èyí tó wọ́pọ̀, ìlànà GINA kò fẹ́ kí ó ju ìfàsínú 12 lọ lójúmọ́ kan. Ẹ ṣọ́ra níbì kan o: Seretide náà jẹ́ aláwẹ́ méjì, àmọ́ salmeterol tó wà nínú rẹ̀ kì í tètè ṣiṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe oògùn tí à ń sáré fà nígbà ìkọlù. Àárọ̀ àti alẹ́ nìkan ni tiẹ̀.

Bí apá kò bá ká aláwẹ́ méjì yìí, ọ̀nà ṣì wà. Ẹ bi dókítà bóyá ọmọ lè máa fa ínhélà sítẹ́rọ́ìdì lásán, bíi beclometasone, ní gbogbo ìgbà tó bá ti fa ti búlúù. Ìlànà GINA gba èyí láàyè fún ọmọ ọdún 12 sókè tí ásímà rẹ̀ kò le.

Rírà á ní Èkó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline tó ń ṣe Ventolin àti Seretide kéde pé òun kò ní í máa ta oògùn ní tààràtà ní Nàìjíríà mọ́, owó ínhélà sì fò sókè débi pé ọ̀pọ̀ ìdílé fi ínhélà sítẹ́rọ́ìdì ti àárọ̀-àti-alẹ́ sílẹ̀, wọ́n di ti búlúù mú. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ gan-an ló ń dá ẹ̀mí sí. Mo mọ ohun tí ọ̀wọ́n gógó ń fojú ìyá rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: bí owó bá tó ẹyọ kan péré ra, ẹ bi apoògùn bóyá èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe wà tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ bá bára mu, oògùn kan náà ni, bí páálí rẹ̀ kò tilẹ̀ lókìkí. Bí ẹ bá wà nínú ètò ìlera Ìlera Èkó, ẹ béèrè ní ọsibítù tí wọ́n kọ orúkọ yín sí bóyá ínhélà wà lára ohun tí ètò náà ń san owó rẹ̀.

Ẹ má tìtorí ẹ̀dínwó ra ínhélà lórí bárò tàbí lábẹ́ agboòrùn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn, ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, wọ́n sì ti ti Oníṣà àti ti Ábà pa bákan náà, nítorí ayédèrú oògùn àti oògùn tí wọ́n kó síbi tí kò yẹ. Ínhélà kì í fẹ́ ooru tó ju 30°C lọ. Agolo tó ti lo oṣù kan nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí kò ní fèrèsé lè má fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pé. Ilé oògùn tí apoògùn tó níwèé ẹ̀rí wà ni kí ẹ ti rà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ sì rí i pé lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ní àyípadà.

Agolo salbutamol máa ń ní ìfọ́nsínú 200. Bí ínhélà yín kò bá ní ibi tó ń ka iye tó kù, ẹ ṣírò rẹ̀: ti àárọ̀-àti-alẹ́ tó bá ní 200, tí ọmọ ń fa méjì-méjì rẹ̀, ọjọ́ 50 ni yóò lò. Ẹ kọ ọjọ́ tí yóò tán sí ara rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Mímì í létí kò lè sọ ohun tó kù fún yín, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde ṣì ń dún nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá ti tán. Jíjù ú sínú omi láti wò ó bóyá ó léfòó kò wúlò bákan náà.

Àwọn kan á ní kí àwọn kúkú lo hóró, pé Franol àti hóró salbutamol kò wọ́n. Hóró salbutamol kan tó jẹ́ 4 mg ní oògùn tó pọ̀ ní ìlọ́po 20 ju ìfàsínú méjì ínhélà lọ, gbogbo rẹ̀ á sì gba inú ẹ̀jẹ̀ kiri kí díẹ̀ tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí àyà fi ń já, tí oorun kò sì wá. Ti ínhélà ń lọ tààrà síbi tí ìjà wà.

Bí a ṣe ń fà á

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí oògùn olówó ńlá ni a ń fọ́n sí ahọ́n lójoojúmọ́. Bí ìtọ́wò oògùn bá ń kù sẹ́nu, tàbí tí ẹ bá rí i tó ń yọ bí èéfín ní imú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè, kò wọlé.

Ínhélà alágolo ni kí a kọ́kọ́ mú. Dìde dúró tàbí kí o jókòó kí ẹ̀yìn rẹ nà. Ṣí ìdérí, kí o sì wo inú ẹnu rẹ̀ bóyá nǹkan kò há síbẹ̀. Mì í dáadáa. Bó bá jẹ́ tuntun, tàbí tó ti lé lọ́jọ́ márùn-ún tí o ti lò ó, kọ́kọ́ fọ́n méjì sí afẹ́fẹ́. Mí síta jẹ́jẹ́ títí inú rẹ á fi ṣófo. Fi ètè di ẹnu rẹ̀ pinpin. Bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí wọlé, tẹ agolo náà lẹ́ẹ̀kan, máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún. Yọ ọ́ lẹ́nu, kí o sé èémí mọ́nú títí dé mẹ́wàá bí o bá lè ṣe é. Dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú kí o tó mú èkejì, kí o sì tún un mì. Ẹ má fọ́n méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò lè mú títẹ̀ àti fífà bára mu, àwọn àgbà náà kì í sábà lè ṣe é. Ohun tó ń gbà wọ́n ni sípésà, ike oníhò tí a ń fi ínhélà bọ̀ lẹ́yìn tí a sì ń mí láti iwájú rẹ̀. Oògùn á dúró nínú rẹ̀, ọmọ á wá fà á wọlé pẹ̀lú èémí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ́ kí oògùn tó pọ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, kí díẹ̀ sì kù ní ọ̀nà ọ̀fun. Fún ìkọlù tí kò tíì le jù, ó ṣe dáadáa tó ẹ̀rọ nẹ́búláísà tí àwọn èèyàn ń wọ́ ọmọ lọ wá ní ọsibítù.

Sípésà kì í sábà sí lórí àtẹ, ó sì máa ń wọ́n bí ó bá wà. Àmọ́ ìgò ike tí ẹ ti mu kóòkì tàbí omi inú rẹ̀ tán lè ṣe é. Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town dán ìgò 500 ml wò lára àwọn ọmọ tí ásímà kọlù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 1999, ìgò náà sì ṣiṣẹ́ bíi sípésà olówó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò náà, kó gbẹ. Kí àgbàlagbà tẹ wáyà bí ìrísí ẹnu ínhélà, kó mú un gbóná lórí iná, kó fi lu ihò sí ìdí ìgò náà, kí ẹnu ínhélà wọ ibẹ̀ kó fún pinpin. Bí àlàfo bá wà, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i kó sì gbẹ. Ẹ gé ibi tó bá ń gún ọwọ́. Ẹ fọ́n ínhélà sínú rẹ̀ nígbà mélòó kan kí ọmọ tó lò ó, kí oògùn má bàa lẹ̀ mọ́ ara ike náà jù. Ẹnu ìgò ni ọmọ á fi sẹ́nu. Ẹ máa fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí omi ro kúrò nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún, nítorí aṣọ á tún jẹ́ kí oògùn máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ti oníyẹ̀fun, bíi Turbuhaler àti Diskus, yàtọ̀ pátápátá. A kì í mì í bíi ti alágolo, kì í lo sípésà, a kò gbọdọ̀ mí sínú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fà á kíákíá pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn rí ọmọ yín bó ṣe ń lò ó, kì í ṣe kó ròyìn rẹ̀ fún wọn lẹ́nu.

Bí ó bá ti fa sítẹ́rọ́ìdì tán, kó fi omi yọ ẹnu kó sì tu ú dànù, kí nǹkan funfun má bàa hù sí ahọ́n rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ má sì há. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ínhélà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín: fa oògùn, fọ eyín, ó parí, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá tó fẹ́ràn ọmọ wọn gan-an pé ínhélà á di bárakú, pé á ba ọkàn ọmọ jẹ́, pé ọmọ kò ní í ga mọ́. Ínhélà kì í di bárakú. Bí ọmọ bá ń wá a kiri lójoojúmọ́, ásímà ni kò tíì gba ìtọ́jú tó péye. Ní ti gíga, òtítọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò ní í fi pamọ́. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ budesonide ní ọdún 5 sí 13, tí wọ́n lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, títí wọ́n fi dàgbà, wọ́n sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.2 kúrú sí àwọn tí kò lò ó. Kò tó ìbú ìka kan. Hóró sítẹ́rọ́ìdì tí ọmọ ń gbé mì léraléra nítorí ìkọlù ń ṣe ju èyí lọ, ìkọlù kan ṣoṣo sì lè gba ẹ̀mí.

Ilé, àdúgbò, ilé ìwé

Ìwádìí kan lábẹ́ Báńkì Àgbáyé fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí fa ikú tí kò tọ́jọ́ fún èèyàn bíi 11,200 ní Èkó lọ́dún 2018. Ẹni tó bá ti rìn láti Ọjà Balógun dé Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án mọ̀ ọ́n lára. Ẹ kò lè kó gbogbo dánfó kúrò ní Apọ́ńgbọ̀n, àmọ́ ẹ lè gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí fèrèsé ọmọ kọjú sí. Ẹ jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀fọn tí à ń tanná sí, kí ọmọ sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fọ aṣọ ìbùsùn pẹ̀lú omi gbígbóná, ẹ pa aáyán, ẹ wá nǹkan ṣe sí ògiri tó ń tutù tó sì ń hu ẹbu, èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ wa. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nínú ilé. Lọ́jọ́ Ẹ̀yọ̀, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé sìgá jẹ́ èèwọ̀, a sì ń pa á mọ́. Ilé tí ọmọ ásímà wà yẹ kó ka gbogbo ọjọ́ sí bẹ́ẹ̀. Ìwọ ọ̀dọ́, síṣà náà èéfín ni.

Bọ́ọ̀lù kò léèwọ̀. David Beckham ní ásímà, Paul Scholes náà ní in, àwọn méjèèjì sì jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Manchester United fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí eré bá ń fún ọ láyà, bi dókítà nípa fífà ínhélà bíi ìṣẹ́jú 15 kí o tó wọ pápá Kámpọ́ọ̀sì, kí o sì kọ́kọ́ sáré díẹ̀díẹ̀ kí ara tó gbóná. Ọmọ tí àyà ń fún ní gbogbo ìgbà tó bá sáré nílò àtúnṣe oògùn rẹ̀ àárọ̀-àti-alẹ́.

Ní ilé ìwé, inú báàgì ọmọ ni ínhélà gbọ́dọ̀ wà. Bó ti wù kí kọ́bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì ilé ìwé lágbára tó, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè má sí nítòsí ní aago méjì òru, pàápàá ní ilé ìwé tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, ẹ so ìwé dókítà mọ́ ọn, ẹ sì fi èkejì sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́ mìíràn ń tijú, ó ń lọ fa tiẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ rẹ kan péré mọ̀ ní kíláàsì, kó sì mọ ibi tí ínhélà rẹ wà, ó ti tó.

Ní oṣù Rámádáànì, ti àárọ̀-àti-alẹ́ bọ́ sí àkókò sààrì àti ìṣínu láìsí wàhálà. Ti ìkọlù lójú ọ̀sán, èrò àwọn ààfáà yàtọ̀ lórí bóyá fífa ínhélà ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ bi ìmáàmù yín kí oṣù tó wọlé. Ẹsìn ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ padà lọ́jọ́ mìíràn, nítorí náà ọmọ tí èémí rẹ̀ ń há kò gbọdọ̀ dúró de ìrọ̀lẹ́.

Bí ìkọlù bá dé

Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀, ẹ má da omi sí i lára, kí àwọn tó ń wòran fún un láyè. Ẹ tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Ti búlúù: ẹyọ kan nínú sípésà tàbí ìgò, kó mí sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà, ẹyọ mìíràn lẹ́yìn bí ìdajì ìṣẹ́jú, títí dé mẹ́wàá bí kò bá tíì dẹ̀. Ọmọ tó ń lo budesonide pẹ̀lú formoterol á fa ẹyọ kan, á dúró fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, á tún fà, kó má ju mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí kò bá sàn lẹ́yìn èyí, ẹ gbéra. Ẹ má tilẹ̀ dúró kà á dé mẹ́wàá bí ó bá jẹ́ pé kò lè parí gbólóhùn kan kó tó tún mí, bí awọ ọrùn àti àárín ìhà rẹ̀ bá ń wọlé, bí ètè, ahọ́n tàbí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣe eérú tàbí búlúù, bí ó bá ń tòògbé, tàbí bí àyà tó ń ké fíì-fíì bá dákẹ́ lójijì nígbà tí èémí ṣì ń nira. Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ìsinmi; atẹ́gùn kò rí ọ̀nà gbà mọ́ ni. Ẹ pe 767 tàbí 112. Bí ọkọ̀ aládùúgbò bá sún mọ́ yín jù, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ yín jù lọ ní Erékùṣù. Ẹ má gbé e gba orí Afárá Kẹta lọ sí Ìkẹjà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nítorí pé ibẹ̀ ni fáìlì rẹ̀ wà. Ẹ máa fọ́n ínhélà búlúù fún un lọ lójú ọ̀nà, mẹ́wàá mìíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí wọ́n bá fún un ní hóró sítẹ́rọ́ìdì lẹ́yìn ìkọlù, kó lò ó pé ọjọ́ tí wọ́n kọ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ kó gbogbo ínhélà ilé dání, èyí tó ti tán àti èyí tó kù, kí ọmọ sì fà á níṣojú nọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan: èyí tó máa fà lójoojúmọ́, èyí tó máa fà bí àyà bá fún un, àti ìgbà tó yẹ kó wá sí ọsibítù. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà sórí fóònù yín àti ti ọmọ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀.